Ta ló wọn yìnyín orí òkè ní 1850?

Ìròyìn kan ń rú àwọn òǹkàwé lójú: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín orí òkè Switzerland ló yọ́ lọ ní 2022 àti 2023 nìkan. Wọ́n sì tún ń fi yìnyín òní wé ti 1850.

Kò sí sátẹ́láìtì ní 1850. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Odò yìnyín, ìyẹn yìnyín orí òkè yìí, fúnra rẹ̀ ló fi àmì sílẹ̀. Ó máa ń rọra ṣàn sọ̀kalẹ̀, á sì máa ti òkúta àti yẹ̀pẹ̀ níwájú. Tó bá wá sún sẹ́yìn, òkìtì òkúta náà á kù síbi tó dé. Ní Alps, àwọn òkè ńlá tó gba Switzerland kọjá, ọ̀pọ̀ òkìtì bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bí 1850. Máàpù Dufour, máàpù ìjọba Switzerland, tún wà, tí wọ́n tẹ̀ jáde láàárín 1845 sí 1865.

Ṣé àwòrán àwọn ayàwòrán ṣeé gbára lé?

Bí a bá rí ibi tí ayàwòrán dúró sí, tí àpáta inú àwòrán sì bá ti orí ilẹ̀ mu, ó ṣeé lò. Caspar Wolf, ayàwòrán ará Switzerland, ya odò yìnyín Grindelwald níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1770, kí máàpù tó péye tó dé.

Báwo ni máàpù àtijọ́ ṣe ń di ìṣirò?

Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á wá ohun tí kò ṣípò padà láti ìgbà náà, bí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣóńṣó òkè àti oríta, wọ́n á sì fi wọ́n so máàpù náà mọ́ ti òde òní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa ìlà yí bèbè yìnyín ká, kí kọ̀ǹpútà ṣírò ilẹ̀ tó bò.

Àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Bébà máa ń fà, ó sì máa ń sún kì. Àwọn awọnlẹ̀ ṣọ́ra ní àfonífojì, àmọ́ lókè, níbi tí ẹsẹ̀ wọn kò dé, wọ́n fojú díwọ̀n. Àwọn míì ka òjò dídì tuntun mọ́ yìnyín, ni odò bá tóbi ju bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ìlà wò pẹ̀lú òkìtì òkúta.

Sátẹ́láìtì ńkọ́?

Yìnyín máa ń dá ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí padà, àmọ́ ó máa ń fa irú infrared kan mu, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí. Kọ̀ǹpútà á fi èkejì pín èkíní, yìnyín á sì hàn gedegbe. Ìparí ìgbà ooru ni wọ́n ń yan fọ́tò, nígbà tí òjò dídì tuntun ti yọ́ tán. Yìnyín tí òkúta bò ṣì ń tan kọ̀ǹpútà jẹ, ọwọ́ ènìyàn ló ń tún un ṣe.

Ṣé fífẹ̀ ilẹ̀ tó bò nìkan tó?

Rárá. Yìnyín lè fẹ́lẹ́ gan-an kí bèbè rẹ̀ tó sún. Wọ́n ní láti yọ gíga òní kúrò nínú gíga àtijọ́. Ìdá mẹ́wàá inú ìròyìn yẹn, ti gbogbo àpapọ̀ yìnyín ni, kì í ṣe ti ilẹ̀ tó bò.

Ṣé ó ń dín kù láìdúró láti 1850?

Rárá. Ọ̀pọ̀ odò yìnyín Alps tún gùn síwájú ní nǹkan bí 1920 àti 1980.

Ṣé ó kan ará Èkó?

Ó kàn án. Bí gbogbo yìnyín orí òkè ayé bá yọ́, láìka Greenland àti Antarctica, òkun á ga sókè ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ti Greenland nìkan tó mítà 7.

Kí ni kí n wò bí mo bá rí fọ́tò àtijọ́ àti ti òní?

Wo oṣù tí wọ́n ya méjèèjì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ti January, tí èkejì jẹ́ ti September, má fi wọ́n wé ara wọn.