Pẹ́dà-àsísìtì: iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe lórí kẹ̀kẹ́ agun-òkè fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le bíi ti tẹ́lẹ̀

Bí ẹ bá sọ fún ará ilé pé ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ agun-òkè oníbátìrì nítorí àìlera, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé ó ń dá rìn ni?" Wọn ò jẹ̀bi, torí ohun oníbátìrì tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nílé ni ọ̀kadà oníná: ẹ lọ́ ọwọ́, ó gbéra, ẹsẹ̀ yín ò ṣe nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ yìí yàtọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "pedal assist" ni wọ́n ń pe bó ṣe ń ṣiṣẹ́, pẹ́dà-àsísìtì lẹ́nu tiwa. Òun ni mo fẹ́ là yé wa, pàápàá àwọn tí dókítà ti sọ fún pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe ju agbára wọn lọ.

Ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ yìí, níbi tí pẹ́dà méjèèjì ti so pọ̀, kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹsẹ̀ yín bá ń yí pẹ́dà. Ẹ wo ẹni méjì tí wọ́n jọ gbé ìtì igi, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ẹni iwájú bá sọ tiẹ̀ kalẹ̀, ẹni ẹ̀yìn náà á sọ tiẹ̀ kalẹ̀; bó bá tún gbé e, èkejì á bá a gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń bá ẹsẹ̀ yín lò. Ẹ̀yin náà lẹ óò sì yan bí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń dì mú. Lórí ẹ́ńjìnnì Bosch Performance Line CX tó jáde ní 2019, tó wọ́pọ̀ gan-an lórí kẹ̀kẹ́ agun-òkè ní Yúróòpù, ìpele tó kéré jù ń jẹ́ Eco, èyí tó ga jù ń jẹ́ Turbo. Bí ẹsẹ̀ yín bá mú wáàtì 100 wá ní Eco (wáàtì la fi ń wọn agbára), ẹ́ńjìnnì á fi 60 kún un. Ní Turbo, ó lè fi 340 kún un. Ìpele méjì mìíràn wà láàárín wọn.

Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Sẹ́ńsọ̀, ohun kékeré tó ń ṣọ́ pẹ́dà, ló ń sọ fún un, oríṣi méjì ló sì wà. Èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kàn ń wò ó bóyá pẹ́dà ń yí ni. Tó bá ti ń yí, ẹ́ńjìnnì á bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, ì báà jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí tagbára-tagbára. Lórí títì tó tẹ́jú, kò sí wàhálà níbẹ̀. Lórí ọ̀nà olókùúta, ó lè taari yín síwájú nígbà tí ẹ ò tíì múra. Oríṣi kejì ń wọn bí ẹ ṣe tẹ pẹ́dà le tó, Bosch sì sọ pé tiwọn ń wọ̀n ọ́n ju ìgbà 1,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ le, ó ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Irú èyí ni Yamaha ti ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ pẹ́dà-àsísìtì wọn sọ́jà ní Japan ní 1993. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò gbọ́dọ̀ ra oríṣi àkọ́kọ́ fún orí òkè. Mo mọ̀ pé owó ló máa ń jẹ́ kéèyàn wo ibẹ̀, àmọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń já mọ́ni lójijì lórí òkúta kò bá ẹni tó ń ṣọ́ ọkàn tàbí orúnkún rẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, torí inú rẹ̀ la ti máa rí ohun tí kẹ̀kẹ́ yìí wúlò fún. Ká ní ẹnì kan tó wọn kílò 80 ń gun kẹ̀kẹ́ lásán tó wọn kílò 14. Òkè tó ń gùn ń ga ní mítà 8 nínú mítà 100, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́. Kìlómítà 6 láàárín wákàtí kan ló ń sá, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yá ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Bó ṣe rọra ń lọ yẹn, nǹkan bíi wáàtì 170 ló ń ná an. Ẹni tí ara rẹ̀ le á ṣe é, á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, tó jẹ́ pé wáàtì 70 ni ara rẹ̀ lè gbà láìsí ìnira ńkọ́? Kò lè sọ pé òun á dín eré kù, torí bí kẹ̀kẹ́ bá lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí òkúta, á ṣubú ni. Ó di dandan kó mú 170 yẹn wá, tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ kó máa tì í.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pa kẹ̀kẹ́ agun-òkè tì lẹ́yìn àìsàn. Wọ́n ṣì lè gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ibi ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òkè ti ń béèrè agbára ìlọ́po méjì ni wọn ò lè dé mọ́. Ẹ wá gbé ẹni kan náà sórí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó wọn kílò 23. Torí kẹ̀kẹ́ náà wúwo, òkè á béèrè bíi wáàtì 185 báyìí. Ó mú 70 tirẹ̀ wá, ẹ́ńjìnnì mú 115 tó kù wá, ó sì gùn ún dé orí. Iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ṣe lórí òkè wá sún mọ́ èyí tó ṣe ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí a bá yọ gbogbo ìpolówó kúrò, ohun tí pẹ́dà-àsísìtì ń ṣe fún aláìsàn kò ju pé ó ń gé ṣóńṣó orí iṣẹ́ náà kúrò, tó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ fún un láti ṣe.

Nítorí náà, ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá pe ẹni tó ń lò ó ní ọ̀lẹ. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Brigham Young ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà, ní kí àwọn 33 tí kẹ̀kẹ́ agun-òkè ti mọ́ lára gba ọ̀nà kan náà lórí kẹ̀kẹ́ lásán àti lórí oníbátìrì. Ìwọ̀n bí ọkàn wọn ṣe ń lù lórí oníbátìrì jẹ́ ìdá 94 nínú 100 ti orí kẹ̀kẹ́ lásán, bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ wọn, iṣẹ́ náà fúyẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ yìí kún ìṣẹ́jú 150 eré ìdárayá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká máa ṣe lọ́sẹ̀, ó tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwádìí yẹn lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ojú aláìsàn. Àwọn tí ara wọn dá pé ni wọ́n lò, ọkàn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù tó ti tẹ́lẹ̀, àwọn fúnra wọn ò fura. Bí ẹ bá tan Turbo tán tí ẹ wá fi ìrànlọ́wọ́ náà sáré, ọkàn yín á tún gòkè padà síbi tí ẹ ń sá fún. Ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ pé ẹ ní àìsàn. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ pinnu pé eré tí ẹ ń sá tẹ́lẹ̀ kò ní pọ̀ sí i, kí ìrànlọ́wọ́ náà má bàa parí sórí eré.

Báwo lẹ óò ṣe mọ̀ tí ó bá ti ń pọ̀ jù? Àwọn kan máa ń wo aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn. Ó dára, àfi fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ọkàn bíi atenolol, bisoprolol tàbí propranolol. Àwọn oògùn yìí kì í jẹ́ kí ọkàn lù yára. Aago lè máa kà 110, kí ẹni náà rò pé òun ò tíì ṣe nǹkan kan, nígbà tí agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀nà àtijọ́ ló dájú jù: bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, ẹ wà níbi tó yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Sheffield, tí wọ́n fi sítẹ́ǹtì, ọ̀pá kékeré tó ń la iṣan sílẹ̀, sí iṣan ọkàn rẹ̀, kì í wo aago rárá. Tá a bá ń gòkè nínú igbó Lady Canning's Plantation, mo máa ń bi í léèrè nípa àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń ròyìn wọn pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, a ń lọ. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ti di "ẹ̀n, ẹ̀n, wọ́n wà", kò dúró dè mí kí n tó sọ̀rọ̀: á fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì, ìrànlọ́wọ́ á gòkè ní ìpele kan, láàárín ìṣẹ́jú méjì ìròyìn á tún máa bọ̀. Àyà tó ń dunni, òòyì, tàbí èémí tí kò padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìsinmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì o. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Ti orúnkún tún yàtọ̀. Ohun tó ń ba orúnkún tó ń roni jẹ́ ni títẹ pẹ́dà lágbára nígbà tó ń yí lọ́ra, bíi ìgbà téèyàn dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́ tó wá ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ lo jíà tó fúyẹ́, kí ẹsẹ̀ máa yí ní bíi ìgbà 70 sí 80 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì náà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i tí ẹsẹ̀ bá ń yí báyẹn. Kí ẹ tó dúró lórí òkè, ẹ ti yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù, torí ìgbéra ló máa ń dá orúnkún lóró. Fún ẹni tó ní ikọ́ fée, afẹ́fẹ́ tútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè dá a sílẹ̀ bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì ràn án lọ́wọ́ tó, nítorí náà kí ínhélà rẹ̀ má kúrò ní àpò.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ rò. Ẹ́ńjìnnì kò ní nǹkan kan ṣe fún yín níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó fi bíi kílò 9 wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ń bá yín já bọ̀, bíréèkì ní láti le sí i, ọwọ́ sì ń rẹni. Bó sì ṣe jẹ́ pé òkè kò náni ní nǹkan mọ́, ìgbà téèyàn á sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan máa ń pọ̀ sí i, ìṣubú náà sì lè pọ̀ sí i. Ẹni tó ń lo warfarin, apixaban tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kíkọlu nǹkan lórí lè di ẹ̀jẹ̀ dídà nínú agbárí. Kó yan ọ̀nà tó rọrùn, kó dé akoto tó dára, kó má sì lọ ní òun nìkan.

Bátìrì náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ Wh 625 (wáàtì-wákàtí) sí i, ó túmọ̀ sí pé ó lè mú wáàtì 125 wá fún wákàtí 5. Díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, òtútù náà sì ń dín in kù. Turbo lè jẹ ẹ́ tán kí ọjọ́ tó kanrí. Bí bátìrì bá kú ní ìdajì òkè, aláìsàn tí kò lè gun kẹ̀kẹ́ kílò 14 ti wá ní kílò 23 lọ́wọ́ jìnnà sílé. Ìpele rírìn wà tó ń bá èèyàn ti kẹ̀kẹ́ náà tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì yẹn kan náà ni òun náà ń lò. Ẹ kọ́kọ́ gun òkè, kí ìpadàbọ̀ jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì ṣẹ́rí padà kí bátìrì tó dé ìdajì.

Ní ti òfin, ní Bìrìtìkó, bí agbára tí ẹ́ńjìnnì lè máa mú wá láìdábọ̀ kò bá ju wáàtì 250 lọ (ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀), tó ń dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró ní máìlì 15.5 láàárín wákàtí, tí ẹni tó ń gùn ún sì ti pé ọdún 14, kẹ̀kẹ́ ni lójú òfin. Kò gba láísẹ́ǹsì. Ní England àti Wales, ó lè gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin tí òfin 1968 ṣí fún oníkẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ọ̀nà tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ní òun á bá yín tú u kó lè máa sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má gbà fún un.

Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí náà ẹ háyà ọ̀kan kí ẹ tó rà. Ẹ mú un lọ sí òkè tó ti ṣẹ́gun yín rí, ẹ gùn ún ní ìpele tó kéré jù tí ẹ ṣì fi lè sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé Turbo nìkan ló gbé yín dé orí, ẹ wá ọ̀nà tó rọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ sì dá gbé e lẹ́ẹ̀kan sẹ́yìn ọkọ̀ yín kí ẹ tó dá a padà, torí ọwọ́ àti ẹ̀yìn yín náà ní láti lè gba kílò 23 yẹn.