Aràn inú adìẹ: ìdí tí oògùn ẹ̀ẹ̀kan kì í fi í tó

Adìẹ tí aràn ń dà láàmú kì í tètè fi hàn. Ó lè máa jẹun dáadáa, síbẹ̀ téèyàn bá gbé e, egungun àyà rẹ̀ á ti yọ síta. Ogbe rẹ̀ á ṣì, ẹyin á dín, ìgbẹ́ rẹ̀ á máa ṣàn. Kí aràn tó yọ sójú nínú ìgbẹ́, ó ti pẹ́ tó ti ń bá a jẹun.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Ascaridia galli, aràn funfun tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 12, tó ń gbé inú ìfun kékeré. Abo rẹ̀ ń yé ẹyin tí ojú lásán kò lè rí, adìẹ á sì yà á sílẹ̀ mọ́ ìgbẹ́. Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè ran adìẹ kankan. Ó di ìgbà tó bá lò tó bí ọ̀sẹ̀ 2 nínú ilẹ̀ tó rin tó sì móoru. Ẹ̀yìnkùlé nígbà òjò gan-an nìyẹn. Adìẹ mìíràn á wá ṣà á jẹ mọ́ àgbàdo, tàbí kó jẹ ekòló tó ti gbé e mì. Láti ìgbà náà, ó tó ọ̀sẹ̀ 5 sí 8 kí aràn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ló ń darí oògùn. Piperazine, tí kò wọ́n, ń mú iṣan aràn rọ. Kò ní lè dúró mọ́, ìgbẹ́ á sì gbé e jáde. Àmọ́ èyí tó ti dàgbà ló ń mú. Àwọn kékeré tó wà lára awọ ìfun á yè é, wọ́n á sì máa dàgbà lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Levamisole àti fenbendazole ń mú oríṣi aràn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aràn pẹlẹbẹ, tó máa ń já bọ́ nínú ìgbẹ́ bíi hóró ìrẹsì, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: inú èèrà àti kòkòrò ni adìẹ ti ń kó o, praziquantel ló sì ń lò.

Inú omi ni wọ́n sábà máa ń po oògùn sí. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé omi kúrò fún wákàtí bíi 2 láàárọ̀, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, wọ́n á wá gbé ìwọ̀n tí wọn yóò mu tán kalẹ̀. Ibi tó ti ń yingin ni pé àkùkọ tó lágbára á mu yó, èyí tí aràn ti rọ̀ sílẹ̀ á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú èyí, ẹnu ló yẹ kí wọ́n ti fi síríǹjì fún un. Ọ̀pọ̀ ló ń lo kóró ìbẹ́pẹ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ìwọ̀n tó dúró. Ara páálí oògùn ni wọ́n ti máa ń kọ iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin tàbí ẹran adìẹ tó lò ó.

Oògùn kò dé ilẹ̀ ṣá o. Ẹyin aràn lè pẹ́ ní oṣù púpọ̀ nínú erùpẹ̀, èèpo rẹ̀ sì le débi pé ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kò ràn án. Oòrùn àti gbígbẹ ló ń pa á. Nítorí náà, wọ́n máa ń sé adìẹ mọ́lé lẹ́yìn oògùn, wọ́n á kó ìgbẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn dànù, wọ́n á pààrọ̀ èérún pákó tó ti rin, wọ́n á sì gbé abọ́ oúnjẹ kúrò nílẹ̀. Òròmọdìẹ tí kò tíì pé oṣù 3 kò sì gbọ́dọ̀ bá àgbà jẹ lórí ilẹ̀ kan náà, nítorí ara àgbà lè gba aràn tí yóò pa ọmọ.