Ọmọ, oúnjẹ àti inú rere: ìbéèrè àwọn òbí àti ìdáhùn

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, kéde pé fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tó sanra kọjá ààlà ti pọ̀ ju àwọn tó rù lọ lágbàáyé. Ìròyìn náà rú ọ̀pọ̀ òbí lójú ní Òṣogbo níbí, pàápàá nítorí pé àwọn tó ń ṣàlàyé rẹ̀ tún fi ìmọ̀ràn mìíràn kún un: ẹ má fipá bọ́ ọmọ, ẹ má fi bisikíìtì tù ú, ẹ sì kọ́ ọ kí ó má fi ara ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìbéèrè tí mo gbọ́ jù nìyí.

Ṣé òótọ́ ni pé ìsanrajù ti borí ebi?

Kì í ṣe níbi gbogbo. Ní ọdún 2000, ìdá 3 nínú 100 àwọn ọmọ wọ̀nyí ló sanra jù. Ó ti di 9.4. Àwọn tó rù jẹ́ nǹkan bí ìdá 13 nígbà náà. Wọ́n ti wálẹ̀ sí 9.2. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan náà sọ pé ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà níbi tí a wà, àti ní gúúsù Éṣíà, rírù ṣì pọ̀ ju sísanra lọ. Méjèèjì sì lè wà nínú ilé kan ṣoṣo, nítorí pé oúnjẹ tó ń kún inú lásán yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe ara lóore. Ọmọ tó fi bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò jẹun òwúrọ̀ yó lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ àti egungun rẹ̀ kò rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo ńkọ́?

Ìgò kékeré kan lè gba nǹkan bíi síbí ìmutíì 8 ṣúgà. Ẹ wọn ọ́n sínú kọ́ọ̀pù kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Kí ló wá pa oúnjẹ àti inú rere pọ̀?

Ní ọdún 1997, onímọ̀ méjì ní yunifásítì California ní Berkeley, Betty Repacholi àti Alison Gopnik, gbé abọ́ méjì síwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Bisikíìtì wà nínú ọ̀kan, ewébẹ̀ tútù tí àwọn òyìnbó ń pè ní broccoli wà nínú èkejì. Bisikíìtì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ràn. Ẹni tó jókòó tì wọ́n tọ́ méjèèjì wò lójú wọn. Ó rẹ́rìn-ín sí ewébẹ̀, ó yínmú sí bisikíìtì, ó wá tẹ́wọ́ pé kí wọ́n fún òun ní díẹ̀. Àwọn ọmọ oṣù 14 mú bisikíìtì fún un, nítorí pé ohun tó dùn lẹ́nu tiwọn ni. Àwọn ọmọ oṣù 18 fún un ní ewébẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé ohun tó dùn lẹ́nu ẹlòmíràn lè yàtọ̀ sí èyí tó dùn lẹ́nu àwọn.

Mo rántí ìwádìí yìí láàárọ̀ ọjọ́ kan nídìí agbada ìyá alákàrà kan ní Alẹ́kúwodò. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ gba àkàrà nínú bébà, ó tú u wò títí ó fi rí èyí tí etí rẹ̀ ti gbẹ gan-gan, ó sì fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé ó fẹ́ fi rírọ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀ ni. Nígbà tí mo bi í, ó ní, “Èyí tó gbẹ ló máa ń fẹ́, mà.” Ohun tí mo fẹ́ kí òbí mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: kí ọmọ tó lè ṣe ẹnìkan lóore, ó ní láti mọ ohun tí ẹni náà ń fẹ́, kò sì sí ibi tó ti ń rí ààyè kọ́ èyí lójoojúmọ́ bí ìdí oúnjẹ.

Ìgbà wo ni ọmọ ń mọ̀ pé èrò ẹlòmíràn yàtọ̀ sí tòun?

Nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Onímọ̀ méjì, Heinz Wimmer àti Josef Perner, gbé irú ìdánwò kan kalẹ̀ ní ọdún 1983 tí ẹ̀yin náà lè ṣe nílé. Ẹ sọ fún ọmọ pé Àìná fi ẹ̀pà rẹ̀ sínú agolo kí ó tó lọ pọnmi, àti pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ẹ̀pà náà sínú àpò lẹ́yìn rẹ̀. Níbo ni Àìná yóò kọ́kọ́ wò tó bá dé? Ọmọ ọdún mẹ́ta sábà máa ń sọ pé inú àpò, nítorí pé òun alára mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Nítorí náà, ẹ má pe ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò gba tẹnìkejì rò ní ọ̀dájú. Fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ pa ìtàn Èṣù tó gba àárín oko ọ̀rẹ́ méjì kọjá pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ méjì, tí ọ̀kan ní pupa ni, tí èkejì ní dúdú ni. Ẹ dúró kí ẹ tó parí rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé ta ló parọ́.

Àwọn àgbà ní ẹyin àti ẹran ń sọ ọmọ di olè. Ṣé kí n ṣì fún un?

Ẹ fún un. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń wá: ẹran wọ́n, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ tọ́ adùn wò tán kó máa ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ara ọmọ ló san owó ẹ̀kọ́ náà. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6 èròjà amúaradàgbà, àjọ ìlera àgbáyé sì sọ nínú ìlànà ọdún 2023 pé ojoojúmọ́ ló yẹ kí ọmọ oṣù 6 sí 23 máa jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Bí apá kò bá ká ẹyin, ẹ lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ sínú mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Ní ti ìkóra-ẹni-níjàánu, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan gé ẹyin sí méjì, kí èkejì kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Ẹ ó rí bí ẹni tó ń gé e yóò ṣe fara balẹ̀ wọn ọ̀bẹ.

Ọmọ mi kì í jẹ ẹ̀fọ́. Ṣé kí n fipá bọ́ ọ, àbí kí n ṣèlérí súìtì?

Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìwádìí fi hàn pé ọmọ tí a ń fipá mú sábà máa ń kórìíra oúnjẹ náà sí i, àti pé súìtì tí a fi ṣe èrè á túbọ̀ níyì lójú rẹ̀ ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni sùúrù: ó lè tó ìgbà 8 sí 15 tí ọmọ á tọ́ oúnjẹ tuntun wò kó tó gbà á. Ẹ bu ṣọkọ díẹ̀ sẹ́bàá àwo rẹ̀, kí ẹ sì máa jẹ tiyín lójú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà rí. Ní ọdún 2008, onímọ̀ méjì mìíràn, Felix Warneken àti Michael Tomasello, rí i pé àwọn ọmọ oṣù 20 tí wọ́n ń fún ní nǹkan ìṣeré nítorí pé wọ́n ran àgbà lọ́wọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣèrànwọ́ mọ́ nígbà tí ẹ̀bùn dáwọ́ dúró.

Wọ́n ń pe ọmọ mi ní ọ̀rọ̀bọ̀ nílé ìwé.

Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ lọ́la. Kí ẹ tó lọ, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀yin náà ń sọ nílé, nítorí pé ẹnu àgbà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti gbọ́ “ọ̀rọ̀bọ̀” àti “lẹ́pa”. Yẹ̀yẹ́ kì í mú ọmọ fọn. Ìtìjú ni í máa lé e lọ jẹun níkọ̀kọ̀.

Ṣé kí ó máa fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú oúnjẹ kúlà rẹ̀?

Kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́, nítorí pé ẹ̀pà, ẹyin tàbí edé ń ba àwọn ọmọ kan lára jà, ó sì lè le débi ikú.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù?

Rírọ ọmọ ni mo bẹ̀rù jù. Ògì tí a fi ọwọ́ dà sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tó ń sunkún lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odindi ẹ̀pà. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà. Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, wọ́n á fi okùn aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ oṣù 6 sí ọdún márùn-ún, láti mọ̀ bóyá oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore kò tó o. Bí ó bá bọ́ sí pupa, tí apá náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọjọ́ náà gan-an ni kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.