Liberal arts: ẹ̀kọ́ ọmọ òmìnira

Ẹni tó bá ka ìtàn ìgbésí ayé Nnamdi Azikiwe àti ti Kwame Nkrumah yóò rí i pé ilé-ìwé kan náà làwọn méjèèjì ti gba oyè àkọ́kọ́: Lincoln University, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà. Àárín oko ni ilé-ìwé náà wà, nítòsí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Oxford. University ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, liberal arts college ni ní ti ìṣe, kékeré sì ni. Ọ̀rọ̀ yìí, liberal arts, àti èkejì rẹ̀, alumni, ìyẹn àwọn tó ti lọ sí ilé-ìwé kan rí, ni mo fẹ́ tú palẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti túmọ̀ èkínní sí "iṣẹ́ ọnà", ó sì dùn mí, torí ìtumọ̀ yẹn gbé ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà sọnù pátápátá.

Ká kọ́kọ́ mú college kúrò lọ́nà. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnì kan bá ní college lòun lọ, sẹ́kọ́ńdírì la máa ń rò, tàbí ilé-ìwé àwọn tíṣà. L'Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ń gba oyè àkọ́kọ́ ni. Èyí tó bá jẹ́ ti liberal arts kì í sábà ju akẹ́kọ̀ọ́ 3,000 lọ, inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, olùkọ́ sì mọ ọmọ lórúkọ. Fọ́ọ̀mù JAMB kọ́ ni yóò ti dè é mọ́ ẹ̀ka kan kó tó wọlé. Yóò kọ́kọ́ tọ́ ìtàn, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, èdè àti ìmọ̀ ọgbọ́n-orí wò, lẹ́yìn náà ni yóò wá mú ọ̀kan tí yóò rì sínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà tàbí dókítà, ẹ̀yìn oyè yìí ló ń lọ sílé-ìwé òfin tàbí ti ìṣègùn.

Liberal tó wà níbẹ̀ kò bá ti ìṣèlú tan. Látìn ni: artes liberales. Liber ni ẹni tó wà lómìnira, tí ẹnikẹ́ni kò ní bí ẹrú. Àwọn ará Róòmù ya iṣẹ́ tí ẹrú ń ṣe sápá kan, wọ́n sì ya ìmọ̀ tó yẹ ọmọ òmìnira sápá kejì, ìyẹn ìmọ̀ tí èèyàn fi ń rò, tó fi ń sọ̀rọ̀ láàárín ìlú, tó fi ń dá sí bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù kà á sí méje: gírámà, ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ, ọgbọ́n àríyànjiyàn, ìṣirò, jiọ́mẹ́tírì, orin, àti ìmọ̀ nípa ìràwọ̀. Èmi máa ń pè é ní ẹ̀kọ́ ọmọ òmìnira. Àwọn kan fẹ́ ká pè é ní ẹ̀kọ́ ọmọlúwàbí, àmọ́ ìwà ni ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ń tọ́ka sí, ipò tí èèyàn wà láwùjọ ni liberal sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ, làwọn àgbà wa wí. Ohun tí ìtàn Lincoln gbé síwájú ayé nìyẹn. Ọdún 1854 ni àlùfáà ìjọ Presbyterian kan, John Miller Dickey, àti ìyàwó rẹ̀, Sarah Emlen Cresson, dá a sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Ashmun Institute ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: 1865 ni ìfiniṣẹrú tó parí ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ilé-ìwé náà kò jìnnà sí ààlà Maryland, níbi tí wọ́n ṣì ń fi òfin gbá èèyàn mú bí ẹrú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Látìn àti Gíríìkì, ẹ̀kọ́ tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ pé ti ọmọ òmìnira ni. Nígbà tí mo mọ èyí ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi dénú. Ní 1866, ọdún kejì tí wọ́n pa Abraham Lincoln, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé náà.

Alumni ńkọ́? Látìn tún ni. Alumnus ni ọmọ àgbàtọ́, ẹni tí a bọ́ títí tó fi dàgbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ilé-ìwé ní alma mater, ìyá tó ń bọ́ ọmọ. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo alumni ló gboyè. Ilé-ìwé mìíràn a máa ka ẹni tó kàn jẹun nílé rẹ̀ mọ́ ọmọ. Gil Scott-Heron, olórin nnì, yan Lincoln nítorí pé Langston Hughes akéwì ti lọ síbẹ̀, kò sì parí níbẹ̀. Hughes ní tirẹ̀ gboyè ní 1929. Bí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn alumni ilé-ìwé kan, ẹ máa wò ó bóyá ọdún tí ẹni náà gboyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Azikiwe gboyè ní 1930. Lẹ́yìn tó padà sí Áfíríkà, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Accra, ibẹ̀ ni Nkrumah ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lára. Ní 1935, Nkrumah forí lé Lincoln, ó gboyè ní 1939. Azikiwe bọ́ sí Èkó ní 1937, ó dá West African Pilot sílẹ̀. Ní oṣù Keje 1960, Nkrumah di ààrẹ Ghana. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Azikiwe di gómìnà àgbà Nàìjíríà.

Ilé-ìwé náà máa ń sọ pé láàárín 100 ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, òun ló kọ́ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Iyì ńlá ni. Àmọ́ iye yẹn tún ń sọ nǹkan mìíràn: ilẹ̀kùn ibòmíràn tì. Ọmọ Baltimore, ní Maryland, ni Thurgood Marshall, lọ́yà tó wá di adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní kóòtù tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà, tí òun náà gboyè ní Lincoln ní 1930. Ilé-ìwé òfin ìpínlẹ̀ Maryland wà nínú ìlú rẹ̀ gan-an, kì í sì í gba aláwọ̀ dúdú. Ojoojúmọ́ ló ń wọ rélùwéè lọ sí ilé-ìwé òfin Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, títí tó fi parí ní 1933.

Charles Hamilton Houston ni ọ̀gá ilé-ìwé òfin Howard nígbà náà. Ọdún 1915 ni òun gboyè ní Amherst, liberal arts college kékeré kan ní Massachusetts. Ní Amherst yìí kan náà ni Donald Murray, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Baltimore, ti gboyè ní 1934. Ó kọ̀wé sílé-ìwé òfin Maryland, wọ́n ní àwọn kò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Houston àti Marshall gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù ní 1935, adájọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbà á wọlé. Murray wọlé lọ́dún yẹn. Ó parí ní 1938.