Pọ́ǹpù Kẹ̀kẹ́ Tí Yóò Gbéni Dé Ọ̀dọ̀ Fọganáísà

Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Iléṣà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ, Ọ̀ṣú sì wà láàárín. Nínú ìlú, ní Sábó tàbí Lágere, táyà kẹ̀kẹ́ tó bá jò kì í ṣe ọ̀ràn ńlá. Fọganáísà kan kò ní jìnnà, táyà àlòkù tó gbé kọ́ síta la ó fi dá ibẹ̀ mọ̀. Òpópónà márosẹ̀ ni wàhálà wà. Bí táyà tírélà bá bẹ́, ó máa ń fi wáyà irin tó tín-ín-rín bí irun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ̀gbẹ́ títì yìí náà sì ni oníkẹ̀kẹ́ ń gbà kí mọ́tò má baà gbá a. Wáyà náà kì í dá táyà lu lójijì. Á há sínú rọ́bà, á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ bí àgbá kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí, títí yóò fi kan túùbù. Ìgbà tí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún fì sósì ni èèyàn máa tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti lọ.

Pọ́ǹpù nìkan kò lè gbani níbẹ̀. Ihò tí wáyà lu kò ní dí nítorí pé a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, nítorí náà túùbù kan, ohun tí a fi ń yọ táyà kúrò lára rímù, páàṣì àti sọ̀lúṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà nínú àpò. Pọ́ǹpù tí kò ní ìwọ̀nyí lẹ́yìn, ọkọ́ tí kò ní èèkù ni. Àmọ́ nínú gbogbo ẹrù yìí, pọ́ǹpù ló rọrùn jù láti ṣì rà, torí gbogbo wọn ló jọra lórí tábìlì ọlọ́jà.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wò kò sí lára pọ́ǹpù rárá, ara kẹ̀kẹ́ ló wà: fáàfù, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ túùbù. Oríṣi mẹ́ta ni èèyàn lè bá pàdé. Schrader ni irú èyí tó wà lára mọ́tò àti ọ̀kadà. Ó sanra tó mìlímítà 8, abẹ́rẹ́ kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀ tí a ń fi èékánná tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Presta tín-ín-rín, mìlímítà 6 ni, nọ́ọ̀tì kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ tú kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Kẹ̀kẹ́ eré-ìje ló pọ̀ sí lára. Ẹ̀kẹta ni ti kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́, èyí tí àwọn àgbà tó fi kẹ̀kẹ́ ru kòkó rí kò ní gbàgbé. Rọ́bà wẹ́wẹ́ kan ni wọ́n ń wọ̀ sára irin inú rẹ̀, òun ló ń dí afẹ́fẹ́ mọ́lé. Bí rọ́bà yẹn bá ti gbẹ, táyà á máa sọ̀ lóru láìsí ihò kankan lára túùbù, onílé á sì máa fura sí àwọn ọmọ àdúgbò.

Ìdí tí fáàfù fi ṣáájú ni pé ẹnu hóòsì fọganáísà, ti mọ́tò ni. Ẹni tí fáàfù rẹ̀ bá jẹ́ Schrader, gbogbo ilé fọganáísà láti Ẹnuwá dé Ọ̀ṣú ló ṣí sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ pọ́ǹpù rẹ̀ kò sì ju kó gbé e dé èyí tó sún mọ́ ọn jù. Pọ́ǹpù tó lè fẹ́ táyà títí tí kò fi ní jókòó sórí rímù mọ́ ti ṣe é lóore, bí ó bá ṣáà ń yẹra fún kòtò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó sì bá Presta lára rẹ̀, fọganáísà á wò ó, á mi orí. Pọ́ǹpù tirẹ̀ ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, àfi tó bá ní bàbà kékeré tí a ń dè mọ́ orí Presta kó lè gba ẹnu hóòsì mọ́tò. Bàbà náà kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó yẹ kó máa wà lórí fáàfù ní gbogbo ìgbà, torí inú àpò ni irú rẹ̀ ti ń sọnù.

Ẹni tó bá sì dé ọ̀dọ̀ fọganáísà gbọ́dọ̀ tètè sọ̀rọ̀: “Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ ni!” Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ rẹ̀, ti táyà tírélà ni. Túùbù kẹ̀kẹ́ kò gbà ju lítà mélòó kan lọ, bí ó bá sì gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, gbàmù la ó gbọ́.

Lẹ́yìn fáàfù, ó ku bí táyà ṣe fẹ̀ tó. Bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó nínú táyà ni fọganáísà ń pè ní gèéjì. Òun ni wọ́n ń kọ ní PSI sí lára táyà, ní ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Táyà fífẹ̀, irú 26 × 2 (íǹṣì 26 ní gíga, íǹṣì 2 ní fífẹ̀) tí ọ̀pọ̀ ń gùn, máa ń fẹ́ gèéjì 30 sí 50. Ti eré-ìje tó tín-ín-rín lè fẹ́ 80 sí 100. Àwọn táyà méjì yìí kò lè pín pọ́ǹpù kan lò kó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, ọ̀pá pọ́ǹpù ló sì fà á. Bí ọ̀pá bá ṣe sanra tó ni ọwọ́ yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Pọ́ǹpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 1, bí táyà bá ti dé gèéjì 60, a gbọ́dọ̀ tì í pẹ̀lú agbára tó tó kìlógíráàmù 21 kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí a bá tì í, ó dà bíi gbígbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 nílẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì lọ kò fẹ́ ju bíi kìlógíráàmù 12 lọ. Ìdí nìyí tí pọ́ǹpù tẹ́ẹ́rẹ́ fi dára fún táyà eré-ìje.

Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tẹ́ẹ́rẹ́ ń bu afẹ́fẹ́ bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi kún agbada. Táyà 26 × 2 ń gbà tó lítà 3 àti ààbọ̀ sí 4, kó sì tó le dé gèéjì 40, a ó ti kó bíi lítà 10 afẹ́fẹ́ ìta sínú rẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré tó ń wọ àpò ṣòkòtò, bí inú rẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, tí a sì ń fà á ní sẹ̀ǹtímítà 12, kò lè kó ju bíi mìlílítà 38 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà 260 la ó tì í. Èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀, tí a ń fà ní sẹ̀ǹtímítà 20, á ṣe é ní bíi ìgbà 100. Ìṣirò orí ìwé nìyẹn o. Lójú ọ̀nà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń sá. Ìlóṣòó ló gbé òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà dé orúkọ, ṣùgbọ́n òun lóṣòó gba owó. Ẹni tó lóṣòó ti pọ́ǹpù àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú oòrùn ọ̀sán, orúnkún ríro nìkan ló máa gbà. Fún irú táyà tí a ń gùn níhìn-ín àti irú ọ̀nà tí a ní, pọ́ǹpù tí ọ̀pá rẹ̀ sanra, tó gùn bíi sẹ̀ǹtímítà 30, tí a lè so mọ́ ara irin kẹ̀kẹ́, ló bójú mu. Pé ó kéré kì í ṣe ìdí láti ra pọ́ǹpù.

Àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ táyà, òun ló sì ń mú kí wọ́n bú pọ́ǹpù tó dára. Kí afẹ́fẹ́ inú pọ́ǹpù tó lè ṣí fáàfù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ le ju èyí tó wà nínú táyà lọ. Ká ní táyà ti dé gèéjì 40. Bí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kàn ń fún pọ̀ ni, kò tíì sí èyí tó wọlé. Ó di ìgbà tí a bá tì í dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kí fáàfù tó gbà fún un. Ìdá kan tó kù lẹ́yìn ni táyà ń jẹ. Ẹni tó ń kánjú, tó ń tì í ní ààbọ̀ ààbọ̀, lè ṣe bẹ́ẹ̀ di alẹ́, táyà kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Fífà dé òpin, títì dé òpin, ó parí. Ìdí ọ̀pá pọ́ǹpù á gbóná, ìyẹn kì í ṣe àìsàn: afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ kíákíá a máa gbóná.

Ọ̀rọ̀ hóòsì kò gùn, àmọ́ ó lágbára. Pọ́ǹpù tí ẹnu rẹ̀ ń gé fáàfù jẹ ní tààrà máa ń mi fáàfù ní gbogbo ìgbà tí a bá tì í, ibi tí fáàfù ti so mọ́ túùbù á sì ya. Ìyẹn kò ṣeé lẹ̀. Túùbù ti bàjẹ́ nìyẹn. Hóòsì kúkúrú láàárín àwọn méjèèjì ló ń gba mímì náà mọ́ra, pọ́ǹpù Raleigh àtijọ́ sì ti ní i látọjọ́. Ẹni tó ní Presta gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé hóòsì tí a ń yí wọlé lè yọ inú fáàfù dání nígbà tí a bá ń tú u, kí ó yáa fún inú fáàfù náà le dáadáa nílé.

Nínú pọ́ǹpù àtijọ́, awọ ló ń ti afẹ́fẹ́. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, awọ náà á gbẹ, á súnkì, pọ́ǹpù á sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfẹ́ nǹkan kan. Kì í ṣe pé ó ti kú. Kí a tú u, kí a kán epo sí awọ náà, kí a fi ìka tẹ etí rẹ̀ síta, á tún máa ṣiṣẹ́. Rọ́bà ni ti tuntun, epo ẹ́ńjìnnì sì lè mú rọ́bà mìíràn wú.

Àwọn kan ń lo ìgò gáàsì kékeré (kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, CO2) dípò pọ́ǹpù. Èyí tó ní gáàmù 16 ń tú gáàsì bíi lítà 9 jáde, ó tó gbé táyà fífẹ̀ dé nǹkan bíi gèéjì 35 kí a tó ṣẹ́jú, ìgò náà á sì tutù débi tí yóò fi ta ọwọ́ bí yìnyín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni, gáàsì yẹn sì ń yára yọ́ gba ara rọ́bà jáde ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ọjọ́ kejì táyà ti ń dẹ̀. Ẹni tó bá lò ó tán lọ́nà Ọ̀ṣú kò ní rí òmíràn rà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta àgbàdo. Pọ́ǹpù oníbátìrì rọrùn, ó tilẹ̀ ń dá dúró fúnra rẹ̀ bí gèéjì bá pé, àmọ́ ọjọ́ tí iná kò wá ni táyà máa ń jò.

Bí a bá ti ra èyí tó wù wá, ká tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú táyà kan dànù nínú ọgbà, ká fi pọ́ǹpù tuntun náà fẹ́ ẹ, ká máa kà á sókè. Ká dúró ní 100, ká ti kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ fọganáísà kó fi gèéjì rẹ̀ wò ó. Bí ó bá sọ pé 30 ni, a ti mọ ohun tí 100 ń rà. Ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún táyà ẹ̀yìn náà, tó yẹ kó le díẹ̀ ju ti iwájú lọ torí òun ló ń ru èèyàn, ká sì fi máákà kọ iye méjèèjì sára ọ̀pá pọ́ǹpù.