Ìtàn Ọ̀daràn ní Èkó Àtijọ́: Kí Ló Dé Tí Ọjọ́ àti Afárá Fi Ṣe Pàtàkì?

Ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wáyé ní Èkó àtijọ́ ni mò ń kọ, owó ara mi ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú. Àwọn ìbéèrè tí àwọn òǹkàwé kì í yé bi mí nìyí.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ pé àròsọ ni, kí ló dé tí ẹ fi ń dààmú lórí ọdún àti ọjọ́?

Ìdáhùn: Ẹni tó ń ka ìtàn ọ̀daràn kò kàn jókòó gbọ́ ìtàn, ó ń bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣèwádìí ni. Ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò fi mọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ irọ́, mo ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n pa oníṣòwò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó lóru ọjọ́ kan lọ́dún 1895, àti pé kí àkùkọ tó kọ, wọ́n ti rí ẹni tí a fura sí ní Ìddó. Lóde òní, ẹni tó bá gba Ìdúmọ̀tà gun afárá Carter yóò débẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n ọdún 1901 ni wọ́n tó ṣí afárá náà. Ní 1895, omi ọ̀sà ló wà láàárín, ọkọ̀ ojú omi ló sì máa gbé e kọjá, ọkọ̀ náà kò sì lè ṣàì ní ẹni tó ń tù ú. Atukọ̀ yẹn gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹ nínú òkùnkùn, ó gbọ́ bó ṣe ń rọra fọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, owó tó sì san ju iye tó yẹ lọ. Nítorí pé kò tíì sí afárá ni mo ṣe rí ẹlẹ́rìí.

Ìbéèrè: Ṣé àṣìṣe kékeré lè ba odindi ìwé jẹ́?

Ìdáhùn: Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nínú ìwé kan tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Yábàá lọ́dún 1971, mo ní ẹlẹ́rìí kan jókòó sí apá ọ̀tún nínú mọ́tò, ó sì rí ojú apànìyàn náà kedere lẹ́bàá títì. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń tajà ní Múṣin pè mí: “Ọmọ mi, ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà láyé ìgbà yẹn. Àárín títì ni ẹni tó wà lápá ọ̀tún máa kọjú sí.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ̀rí tí mo fi dẹ́bi fún apànìyàn ṣe fọ́ nìyẹn. Wọ́n tún rí náírà lójú ewé mìíràn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Pọ́n-ùn àti ṣílè là ń ná tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Mo tún ìwé náà tẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn ọba àti ìjòyè ńkọ́?

Ìdáhùn: Ohun tí a mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ ni mo ń fi sí i: àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sì kúrò lórí oyè. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. N kò jẹ́ dá ẹ̀ṣẹ̀ sí àwọn ọba àti ìjòyè náà lọ́rùn, torí pé àwọn ọmọ wọn ṣì ń gbé láàárín wa. Àwọn tí mo fúnra mi dá ló ń pànìyàn.

Ìbéèrè: Nígbà tí kò sí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá lẹ́yìn yín, ta ló ń bá yín yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìdáhùn: Ìyá Múṣin ni. Bí àwọn atẹ̀wé bá ti fún mi ní ewé àkọ́tẹ̀, mo máa ń kó o sínú ọ̀rá lọ sí ìsọ̀ wọn. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ mẹ́ta po, mo sì pe Ṣómólú pé kí wọ́n má tíì tẹ̀ ẹ́.