Kí ni "gíláàsì tútù" nínú fọ́tò ayé àtijọ́?

Púpọ̀ nínú fọ́tò pírámíìdì àti tẹ́ḿpìlì Íjíbítì tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1860, gíláàsì tútù ni wọ́n fi yà á. Tútù tí à ń wí yìí kì í ṣe ti òtútù o. Bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ni.

Frederick Scott Archer, ará Ìlú Ọba, ló gbé e jáde ní 1851. Òwú tí wọ́n ti fi ásíìdì ṣe ni wọ́n máa ń yọ́ sínú ether (omi oògùn kan tó tètè máa ń fò lọ) àti ọtí líle, yóò wá ki bí omi ṣúgà: collodion nìyẹn. Onífọ́tò á da díẹ̀ sí àárín gíláàsì, á rọra máa yí i síbí sọ́hùn-ún títí yóò fi kárí, á sì da èyí tó ṣẹ́kù padà sínú ìgò. Nínú òkùnkùn, á rì í bọ omi oògùn fádákà. Eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kó yà á, kó sì fọ̀ ọ́, láàárín ìṣẹ́jú bíi 10 sí 15. Bó bá gbẹ, oògùn ìfọ̀ ò ní wọ inú rẹ̀ mọ́.

Yàrá òkùnkùn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé onífọ́tò kiri nìyẹn. Francis Frith, onífọ́tò ará Ìlú Ọba tó kọ́kọ́ dé Íjíbítì ní 1856, ní kẹ̀kẹ́ kan tó fi aṣọ funfun bò. Àwọn ará ibẹ̀ ní àwọn ìyàwó rẹ̀ ló ń kó pa mọ́ síbẹ̀! Gíláàsì rẹ̀ mìíràn fẹ̀ tó íǹṣì 20 sí 16, torí bí gíláàsì bá ṣe tóbi tó ni fọ́tò ń ṣe tóbi tó nígbà náà. Ó kọ ọ́ pé ní Núbíà, ní gúúsù Íjíbítì, ooru inú àgọ́ òun dé 110 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, bíi 43 ti Celsius, collodion sì hó lórí gíláàsì. Kò yà mí lẹ́nu: ní bíi 35 ti Celsius ni ether ti ń hó.

Òkúta ló yẹ irú iṣẹ́ yìí, torí yíyà fọ́tò kan máa ń pẹ́ díẹ̀, òkúta kì í sì í mira. Ẹni tó bá ń rìn kọjá lè má hàn rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹnì kan jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́bàá ère, kí a lè mọ bí ère náà ṣe ga tó. Ojú ọ̀run máa ń funfun báláú, nítorí collodion ò mọ búlúù yàtọ̀ sí funfun. Bí ẹ bá sì rí igun kan tí àwòrán ò dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni àtàǹpàkò onífọ́tò wà nígbà tó ń da omi náà.